Ẹ̀bẹ̀ Ohun Tí N Kò Fẹ́

...ó tún ti sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Ìgbà wo lọmọ mi kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ báyìí, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ? Ó gbé ẹnu sún mọ́ ihò kékeré tó wà lára gíláàsì, ó ń bẹ ọmọdébìnrin òṣìṣẹ́ físà tó jókòó sí òdì kejì. Ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá tó bí i. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó jẹ́ kí bàbá òun dúró sí i fún oṣù mẹ́ta.

Èmi. Kí n dúró. Ta ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ dúró?

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní mo fẹ́ nǹkan yìí ni, ǹ bá bẹ̀bẹ̀ fúnra mi, ojú á tì mí díẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò fẹ́... Ilé mi ni mo fẹ́ lọ. Ilé labọ̀ sinmi oko. Mo wá kí ọmọ, mo wá gbé ọmọ-ọmọ mi jó, àpótí kan péré ni mo gbé dání. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní kí bààlúù má fò mọ́. Físà mi wá fẹ́ parí, àwọn kan náà tó tìlẹ̀kùn mọ́ mi tún ń bi mí pé kí ló dé tí n ò tíì jáde.

Kí ló dé. "Ṣé kí n máa fẹsẹ̀ rìn lórí òkun ni?" Ohun tí mo bi ọ̀gá wọn lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ wá síbí nìyẹn. Mo bi í dáadáa. Mo fọwọ́ lu pẹpẹ, gbogbo èèyàn yíjú. Ọkùnrin náà fa fèrèsé rẹ̀ dé, ó ní ká máa lọ, ká padà wá nígbà tí a bá ti mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ mi ò yíjú sí mi títí a fi délé. Ó ń wakọ̀, ó ń wo iwájú. Mo rò pé ọ̀gá yẹn ló ń bínú sí.

Àga onírin ni mo jókòó lé báyìí. Wọ́n fi téèpù pupa di èyí tó wà lọ́tùn-ún, wọ́n di tòsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa fara kàn mí. Ìbòmú yìí... èémí tí mo bá mí síta náà ni mo tún ń fà sínú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ike kékeré kan wọn ìgbóná iwájú orí mi. Ká ní inú tó ń bí mi ló wọ̀n ni, ike náà ì bá yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sú mi, èmi náà sú wọn. Tí ìwé mi bá ti pé, n kì í tọrọ gáfárà. Ìwé mi pé níbí náà. Ọ̀nà ló dí. Èmi ni mo dí i?

"Bàbá mi ò wá iṣẹ́ wá, mà. Àlejò ni wọ́n."

Àlejò. Mo mọ̀ pé òfin ló pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ẹnu ẹni tí mo bí... Ìyàwó rẹ̀ náà — ọmọ dáadáa ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn — láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń gbé tíì mi kalẹ̀: "Bàbá, ṣé wọ́n ti sọ ìgbà tí bààlúù máa fò?" Ó fẹ̀rín sí i. Yàrá ọmọ ni mo ń sùn, ẹsẹ̀ mi ń yọ síta lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ohun tí ọmọdébìnrin yìí ń rò nìyẹn, pé mo fẹ́ di ọṣẹ. Èmi tí ìyàwó mi ń pè láràárọ̀, "Ṣé ẹ ò ní padà wálé mọ́ ni, àbí ẹ ti fẹ́yàwó síbẹ̀?" Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá sọ ọ́. Lánàá kò rẹ́rìn-ín. Lánàá, ó ní orúnkún òun yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní òun jókòó síbẹ̀ títí aládùúgbò fi wá fa òun dìde.

Aládùúgbò. Èmi ló yẹ kí n fà á dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lónìí." Ó sọ ọ́ nínú mọ́tò ká tó sọ̀ kalẹ̀. "Ìwé ìgbélùú tèmi náà wà lọ́wọ́ wọn." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́, àmọ́... rárá, ó tó. Màá dìde. Màá lọ sídìí gíláàsì yẹn, màá sọ fún un pé n ò fẹ́ ìlú wọn. Ẹ wá bààlúù kan fún mi, ì báà jẹ́ akẹ́rù, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sáàárín ẹrù. Màá sọ ọ́ kí gbogbo yàrá gbọ́, kí ọmọ mi lè rí bí ọkùnrin ṣe ń —

Àga ké bí mo ṣe dìde. Ọmọ mi wẹ̀yìn.

Ojú nìkan ni mo rí lókè ìbòmú. Ó kọjú sí gíláàsì padà, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó tún wẹ̀yìn. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbà tá a ti wọlé. Mo rò pé ó ń wò bóyá ó ti rẹ̀ mí. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn, níbàdí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó ń rọra tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀, sílẹ̀, bí ẹni tó ń tu ajá lójú kó má gbó.

Ọwọ́ yẹn ń bẹ̀ mí.

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Mo ń gbọ́ ọ báyìí. Ohùn tó lọ tààrà, ohùn ẹni tó ti dúró nídìí irú gíláàsì yìí láìmọye ìgbà tí n ò sí níbẹ̀, tó mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Tẹ́ẹ́rẹ́... èmi ni mo pè é ní tẹ́ẹ́rẹ́. Kò bẹ̀rù ọmọdébìnrin yẹn rárá. Kò bẹ̀rù ẹ̀ṣọ́, kò bẹ̀rù òǹtẹ̀ wọn.

Èmi ni. Nínú gbogbo yàrá yìí, èmi lọmọ mi ń bẹ̀rù.

"Bàbá," ọmọdébìnrin náà pè mí látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "ṣé ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

Ó pọ̀. Ó kún ẹnu mi. Inú ṣì ń bí mi, orúnkún ìyàwó mi ṣì ń dùn ún, kò sí bààlúù kankan lókè. Ọmọ mi ò wẹ̀yìn mọ́. Ó dúró gbagidi, ó ń dúró de ohùn mi bí ẹni tó ti rí àwo tó ń yẹ̀ bọ̀ láti orí pẹpẹ.

Mo jókòó.

"Rárá," mo ní. "Ohun tó sọ náà ni."

Ọmọ mi ò tẹ afẹ́fẹ́ mọ́. Ó ká ìka ọwọ́ tó wà lẹ́yìn jọ, ó gbé e lọ síwájú.