Ìrèmọ̀jé Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: èmi Mojọlá kò fẹ́ràn orin tí àbúrò mi ń kọ, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan ní kí ló kan aláṣọ Gbági nínú ọ̀rọ̀ orin. Mo mọ orin. Mo mọ ariwo pẹ̀lú, mo sì mọ èyí tí kò yẹ kéèyàn fi ṣeré nínú àwọn méjèèjì.

Ọmọ ọdẹ ni wá, ní Bẹyẹrúnkà. Bàbá wa, Ọdẹ́rìndé, ní ìbọn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní in, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló fi ta wọ́n yọ. Bí ọdẹ kan bá kú láti Ọjà'ba títí dé Òjé, òun ni wọ́n máa ń wá pè láti sun ìrèmọ̀jé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, orin ìdágbére ni. Àwọn ọdẹ á kó àpò, aṣọ àti ohun ìṣọdẹ olóògbé jọ, wọ́n á gbé wọn lọ sí oríta, wọ́n á máa kọrin fún un pé kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn, kó má bá àwọn pín ẹran mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á pè gbẹ̀yìn. Gbogbo ọdẹ tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí nìyẹn: òkú ti kúrò lẹ́gbẹ́. A kì í fi ìrèmọ̀jé rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kì í dá a dúró láàárín. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ Jídé, àbúrò mi yìí. Bàbá wa ló ń tọ̀ lẹ́yìn láti kékeré, ó sì gbọ́ ọ sórí.

Ọdẹ́jídé ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Nígbà tí ìjọba gbé SAP dé, tí ọjà wọ́n bí ojú, òun àti Adégòkè ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ, ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Ẹnìkẹta wọn ni Clara, ọmọ tíṣà kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Clara yìí, ẹ ó rò pé kò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́wọ́ lé dùùrù, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já èèyàn láìnídìí. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé lọ́jọ́ tó fi orin ìsìnkú sin ìyàwó àti ọkọ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní orin náà ló dùn jù nínú ìwé.

Ilẹ̀ Ṣú ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Wọ́n á fi ẹfun àti èédú kun ojú. Gítà Adégòkè á máa dún bí mílì ìlọta tí bélìtì rẹ̀ fẹ́ já, dùùrù Clara á máa gòkè bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, Jídé á wá máa ké. N ò pè é ní orin o, igbe ni, láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ní àwọn òyìnbó kan ń ṣe irú rẹ̀ lókè òkun. Mo ní ṣé wọn ò wá ní lọ bá wọn níbẹ̀, kí àwa náà lè sùn. N ò mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ tèmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn Mápó, ìdajì èrò ti sá jáde kí orin kejì tó parí. Àwọn ìyá Aládùúrà dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń dá ẹ̀mí àìmọ́ lẹ́kun. Àwọn tí kò sá kò lè mira. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì wà lára wọn, òun ló gba ohùn wọn sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Nọ́wè. Kò pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ní kí Jídé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bọ̀.

Bàbá wa súre fún Jídé nínú gbọ̀ngàn ilé, ó bu omi tútù fún un mu. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa gbọ́. Ó ní, “Orin tí o bá bá lọ́nà, kọ ọ́. Èyí tí o bá nílé, fi sílẹ̀ nílé.” Jídé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Wọ́n lọ lọ́dún 1991. Tẹlifóònù aládùúgbò mi kan ní Gbági ni Jídé máa ń pè, á máa sọ fún mi pé bí òtútù bá mú nílùú náà, oòrùn kì í yọ rárá, pé ọ̀sán dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní ibẹ̀ bá orúkọ ẹgbẹ́ wọn mu. Clara rí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó ga ju ilé alájà méjì lọ, inú rẹ̀ dùn débi pé kò béèrè ilé mọ́. Àmọ́ ojú àwọn òyìnbó ò tètè là sí wọn. Ẹni tó ń gbé orin wọn jáde ní igbe pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà, kí Jídé mú ohun tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn wá.

Ìyẹn ni Jídé fi sun ìrèmọ̀jé sínú ẹ̀rọ. Ìrèmọ̀jé sì gbọ́dọ̀ lórúkọ. Bó bá pe òkú ẹlòmíràn, àwọn ọmọ olókùú lè gbọ́ kí wọ́n bínú, ló bá pe orúkọ bàbá tiẹ̀ tó wà láàyè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá pé òun rò pé orúkọ bàbá ẹni, ohun ìní ẹni ni, àti pé ta ló fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú yìnyín. Orin náà ló sọ wọ́n dolókìkí. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ń sáré wá gbọ́ ọ.

Ọkùnrin kan láti Òjé, tó máa ń kó aṣọ òfì lọ sókè òkun, ló bá wa mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀. Jídé ló fi rán an, tayọ̀tayọ̀. Bàbá mi kò jẹ́ ká dá gbọ́ ọ. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òun ya wèrè sílùú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fetí ara wọn gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbà ọdẹ kún pálọ̀ wa. Bàbá pín obì fún wọn. Bàbá Sìdí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Mùsùlùmí tó máa ń kírun kó tó gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Dùùrù Clara ló kọ́kọ́ dún, wọ́n mirí sí i. Gítà bọ́ sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá Sìdí ní kí n wò ó bóyá rédíò ń jóná. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ohùn Jídé sì jáde ketekete, láìsí igbe kankan, bí ohùn bàbá mi nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà, ó tún dé e, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe. Mo nawọ́ láti pa rédíò náà, bàbá mi gbá ọwọ́ mi mú, nítorí a kì í dá a dúró láàárín. A jókòó tì í. Ó ń sọ fún ẹnìkan pé kó má jọ̀kùn, kó má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó bá wọn jẹ. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má pe orúkọ kankan. Ó pe Ọdẹ́rìndé, ó pè é pẹ̀lú oríkì rẹ̀, ó ní ó di gbéré.

Bàbá Sìdí dáhùn. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọkùnrin tó ti ń dáhùn ìrèmọ̀jé láti ìgbà èwe, ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ọkàn rẹ̀. Ó ní “Ó di gbéré,” àwọn yòókù sì gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó rántí pé ẹni tí àwọn ń dágbére fún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pín obì fún àwọn.

Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kí bàbá mi pé ó dàbọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti tutù. Wọn ò bínú sí i, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọn ò fi ẹran ránṣẹ́ mọ́, wọn ò pè é sí ìpàdé, bó bá sì kọjá ní Bẹẹrẹ, àwọn ọdẹ á yà sínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ní ohun tí wọ́n fẹ́ rà níbẹ̀. Ajá rẹ̀ kò sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ mọ́. Bàbá mi ń rù. Àárọ̀ ni, ọ̀sán ni, ìbọn ló ń nù, ìbọn tí kò gbé lọ síbì kankan.

Bàbá Sìdí nìkan ló padà wá. Ó sunkún níwájú bàbá mi bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹgbẹ́ sọ. Ohùn tó sun ún nìkan ló lè dá a padà. Kí Jídé wá dúró síwájú ilé, kó fi ohùn ara rẹ̀ sun ún padà, kó pe bàbá rẹ̀ wọlé bó ṣe pè é jáde. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìpè náà ò ní kúrò lórí ilé. Bí ẹni tí wọ́n pè kò bá lọ, àrólé rẹ̀ ni yóò lọ. Àrólé bàbá mi, ta ni bí kò ṣe Jídé? Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán ni. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́ fún yín.

Mo pe Jídé. Ohùn rẹ̀ há débi tí mo fi béèrè pé ta nìyẹn. Ó ní òtútù ni. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo dárúkọ Bàbá Sìdí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé, eré pọ̀ nílẹ̀, òun ń bọ̀ bí wọ́n bá parí. Mo bi í bóyá wọ́n ṣì ń kọ orin náà. Ó ní òun kọ́ ló ń kọ ọ́ mọ́, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń tẹ apá yẹn fún èrò. N ò ro ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ sí àbúrò nírú àkókò yẹn, mo sì já fóònù mọ́ ọn létí.

Ó lé lọ́dún kan kó tó dé. Ẹgbẹ́ ti tú ká: Adégòkè fẹ́ ìyàwó sọ́hùn-ún, kò sì padà, Clara nìkan ló tẹ̀ lé Jídé wálé. Jídé ti gbẹ, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo wa rò pé ìtìjú ni. Àwọn ọdẹ pé síwájú ilé lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àga fún bàbá mi síta, ìbọn àti àpò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìrètí wà lójú àgbàlagbà náà. Mo rí i, ó sì ń dùn mí di òní.

Jídé bọ́ bàtà, ó la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó fagbára sí i, igbe Ilẹ̀ Ṣú sì bẹ́ jáde, igbe tó fi ṣe iṣẹ́ jẹun láàárín àwọn òyìnbó, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó tún gbìyànjú, igbe kan náà ni. Ajá sá wọ abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Clara kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi.

Ó ní, “Ẹ má bínú sí i, Bàbá. Igbe yẹn ti ya á lọ́fun, dókítà ní kò lè san mọ́. Ohùn rẹ̀ tó kù láyé, inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló wà.”

Bàbá mi wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó fà á mọ́ra, ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé èédú ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, “Orúkọ mi lo pè. O ò pe tìrẹ. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jẹ́ ẹ.” Ó wá yíjú sí mi pé kí n gbé rédíò jáde.

Mo kọ̀. Ó tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò le, mo bá gbé e jáde. Orin náà dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tó ku díẹ̀ kí orúkọ dé, gbogbo ọdẹ fọwọ́ bo ẹnu, Bàbá Sìdí sì fi aṣọ dí tiẹ̀. Jídé nínú ẹ̀rọ pe Ọdẹ́rìndé. Bàbá mi dìde, ó ṣí fìlà.

Ó ní, “Èmi nìyí. Mo ń bọ̀.”

Ó kú kí òjò ọdún náà tó dá. Àwọn ọdẹ wá gbé ìbọn àti àpò rẹ̀, wọ́n gba Bẹẹrẹ lọ sí oríta, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu kọrin, nítorí wọ́n ti sun tiẹ̀ tán, a kì í sun ìrèmọ̀jé ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó fi orin sin gbogbo ọdẹ àdúgbò wa, òun ló lọ láìsí orin. Jídé ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń la ẹnu, ó sì ń pa á dé.