Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí Marlys Yọ Kúrò

Ojú ìwé kan péré ni ọkùnrin yẹn kà nínú odidi ìwé ìtàn kan, ó sì ti di adájọ́! Ó dìde níbi ìpàdé àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kékeré kan ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ó kà á sókè, èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní kí Marlys Haugen, tó ń bójú tó ilé ìkàwé àwọn ọmọ girama, yọ ìwé náà kúrò, tàbí kó wábi gbà.

Ẹ̀rù bà á, ta ni ẹ̀rù ò ní bà? Ó sá wọ ìkànnì kan tí àwọn olùtọ́jú ìwé dá sílẹ̀ lórí ayélujára láti máa gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ìwé. Renata, ọ̀kan lára wọn, dá a lóhùn.

"Má fọwọ́ kàn án o! Kí ni òfin yín wí?"

"Ó ní kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò kà á tán kí wọ́n tó dìbò."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Gbé òfin yẹn síwájú wọn. Kí ìwé wà lórí pẹpẹ títí wọ́n á fi kà á tán."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Níbi àjọjẹ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kálukú ń gbé oúnjẹ wá láti ilé, kò sẹ́ni tó bu ọ̀dùnkún àti ẹran tó yan. Bó ṣe gbé e lọ ló gbé e bọ̀.

Ìgbìmọ̀ kà á tán, wọ́n dìbò, wọ́n ní kí ìwé dúró. Verlyn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí Marlys fúnra rẹ̀ máa ń yá níwèé nígbà tó wà lọ́mọdé, sáré wọlé.

"Ìyáàfin Haugen, ẹ ti borí! Ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àbí wọ́n túfọ̀ fún yín ni?"

"O ṣé, Verlyn."

Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn ṣófo ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó láti yan ìwé tuntun. Ó kan ọ̀kan, ìtàn ọmọbìnrin tí àbúrò bàbá rẹ̀ fipá bá sùn, tó sì sọ ọ́ síta. Ìwé gidi ni. Marlys mọ̀ pé ọmọ kan á wà nílé-ẹ̀kọ́ yẹn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ á gbà là. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fò ó, ó mú ìwé kan nípa ẹṣin.

Renata kọ̀wé sí i: "O kú oríire! Ṣé wọ́n ṣì ń ní kó o yọ ìwé kankan?"

"Rárá," ló fi dá a lóhùn.

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó ní kó fo èyí tó fò.