Irin Wúwo Lórí Ilẹ̀ Amọ̀

Láti Múṣín títí dé Ìlúpéjú, Sàúdátù kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Sàlíhù jókòó síwájú ọkọ̀, òun jókòó sẹ́yìn, ó gbé ike pẹ́ńtì kan lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìdérí rẹ̀ mú. Amọ̀ oko ló wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò nílé ni Sàlíhù ti bi í pé kí ló fẹ́ fi ẹrẹ̀ ṣe níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ, kò dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú ń bí i. Inú ti ń bí i láti ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú yẹn ni ẹbí pé sí pálọ̀ bàbá wọn. Ọmọ bàbá kan náà ni àwọn méjèèjì, ìyá ló yàtọ̀. Sàlíhù ni àkọ́bí, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà ní Ládípọ̀. Sàúdátù ló ń ro ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ ní Agbọ̀wá, ọdún kọkànlá rèé tí bàbá ti kú. Ilẹ̀ amọ̀ ni, dúdú, bí òjò bá rọ̀ á gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ọdún méjì léra wọn ni ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ fọ́n síbẹ̀ kò hù dáadáa. Ẹbí wá pinnu pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn, èyí tí katakata máa ń fà, tó máa ń to irúgbìn sínú ilẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bí ìrẹsì bá tún kọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n á ta ilẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Wọ́n ní Sàlíhù ni kó lọ mú ẹ̀rọ náà, nítorí òun ni ọkùnrin, òun ló sì mọ irin. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí kò tẹ oko láti ìgbà tí bàbá ti kú ni yóò mú ẹ̀rọ oko.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jethro ló ń bójú tó ọgbà tí wọ́n ti ń ta àwọn ẹ̀rọ náà. Ó sáré jáde, ó bọ Sàlíhù lọ́wọ́.

"Alhaji, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ ká fi hàn yín?"

Kò tilẹ̀ wo Sàúdátù. Ó ti gbà pé obìnrin náà wá bá Alhaji ru ike ni.

Méjì péré ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ó wúwo, ó ní àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tó ń la ilẹ̀ bí ọ̀bẹ. Ìkejì fúyẹ́, ìka irin gígùn ló ní, tó ń họ ilẹ̀. Sàlíhù kò bèèrè nǹkan kan. Ní Ládípọ̀, Sàlíhù Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é: bó bá ti gbé irin lọ́wọ́, á sọ fún ọ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú, kì í sì í ṣì í. Ó fi ìka kan ẹ̀rọ tó fúyẹ́, ó dún ṣanṣan. Ó kan èyí tó wúwo, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún.

"Eléyìí ni irin," ó ní. "Èyí tó ń dún bí agolo mílíìkì yẹn, fèkì ni. Ilẹ̀ tó bá wúwo, irin tó wúwo ló ń fẹ́."

"Alhaji mọ nǹkan o!" ni Jethro wí.

"Kò mọ nǹkan kan," ni Sàúdátù wí.

Ó kọjú sí Sàlíhù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó kọjá, katakata ńlá kan kọjá lórí ilẹ̀ yẹn. Ibi tí táyà rẹ̀ tẹ̀, kódà koríko ò hù níbẹ̀. Irin wúwo ló ń pa ilẹ̀ amọ̀."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," Sàlíhù dáhùn. "Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta irin."

"Irin lẹ̀ ń tà. Ṣé irin lẹ fẹ́ gbìn ni?"

"Sàúdátù! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, níwájú èèyàn?"

Sàúdátù ṣí ike, ó da amọ̀ náà sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, lórí sìmẹ́ńtì mímọ́ tóní-tóní. Jethro pariwo, "Madam, kí lẹ̀ ń ṣe!" Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti rọ̀gbà yíká, wọ́n fẹ́ wòran. Àwọn gan-an ló bá a ti ẹ̀rọ ńlá náà síwájú. Àwo irin la amọ̀ gààrà. Inú ibi tó là ń dán bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ pa. Sàúdátù yọ ìrẹsì bíi mélòó kan lápò, ó jù ú sínú rẹ̀, ó bu omi lé e. Omi náà dúró síbẹ̀, kò wọlẹ̀, ìrẹsì sì wà nísàlẹ̀ omi, kò sí erùpẹ̀ kan tó bò ó.

"Bó ṣe máa rà nìyẹn," ó ní.

Wọ́n ti èkejì. Ìka irin rẹ̀ fọ́ amọ̀ náà wẹ́wẹ́, erùpẹ̀ ya bo ìrẹsì. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Sàlíhù rí i. Ojú rẹ̀ kò fọ́, ó rí i kedere, Sàúdátù náà sì mọ̀ pé ó rí i. Àmọ́ ó ti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Ládípọ̀ kò sì ní jẹ́ kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

"Ẹ gbé èyí tó wúwo sọ́kọ̀," ó ní.

"Ẹ fẹ́ kó bàjẹ́ ni! Ẹ fẹ́ kí wọ́n lè ta ilẹ̀ bàbá mi!"

"Bàbá ta? Ṣé ìwọ nìkan ló bí ni? Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Omi bọ́ lójú Sàúdátù, ó sì bínú sí omi náà. Ó kúnlẹ̀, ó ń kó amọ̀ rẹ̀ padà sínú ike, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbé ẹ̀rọ ńlá náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù ọgbà náà, wọ́n ń fi okùn dè é. Àmínù, awakọ̀ akẹ́rù náà, yọ orí síta.

"Alhaji, ibo là ń gbé e lọ?"

"Agbọ̀wá."

"Mo mọ Agbọ̀wá. Ọ̀nà wo la máa yà sí?"

"Bẹ́ ẹ bá ti rí igi àràbà ńlá kan lápá ọ̀tún—"

"Wọ́n ti gé àràbà yẹn láti ọdún méje," ni Sàúdátù wí. Kò gbé orí sókè.

Àràbà yẹn nìkan ni àmì tí Sàlíhù mọ̀ lójú ọ̀nà náà. Àmínù ń wò ó. Jethro ń wò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ náà dá okùn dúró lọ́wọ́.

"Sàúdá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Júwe ọ̀nà fún un."

"Ẹni tó mú ẹ̀rọ ni kó júwe ọ̀nà oko bàbá rẹ̀."

Ó dìde, ó gbé ike rẹ̀ sọ́wọ́, ó dúró. Oòrùn ń mú lórí sìmẹ́ńtì. Ó pẹ́ kí Sàlíhù tó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Ẹ gbé èyí tó ní ìka."

Kò wojú àbúrò rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Sàúdátù náà kò dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ náà tán, ó gun iwájú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmínù, ó gbé amọ̀ rẹ̀ lé itan, ó sì ní kó máa lọ, òun á máa júwe ọ̀nà fún un.