Àrùn Tó Rọlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà, òun náà ló sì ni gbogbo ẹnu inú rẹ̀. Má-fòwú-sílẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí aṣọ kan kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ kí òwú bíńtín máa yọ lára rẹ̀. Ó lè tú ọrùn aṣọ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá tíì parí, a kò tíì ṣe é rárá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ránṣọ. Lọ́dún tó kọjá ni ọwọ́ àbúrò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, títí kò fi lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Dókítà ní lúpọ́ọ̀sì ni: àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló yíjú sí ara fúnra rẹ̀. Ó ní kò sí oògùn tó lè lé e lọ pátápátá.

"Ohun tí à ń wá ni pé kó rọlẹ̀, kó má dé kíndìnrín, ká sì máa fi oògùn díẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Bá a bá tètè ṣe é báyìí, ẹ máa gbádùn ara yín."

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Kó rọlẹ̀ kẹ̀? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Dókítà. Ẹ pa á."

"A ò lè pa á, Mà."

"Ẹ̀yin lẹ ò lè pa á."

Ọjọ́ náà ni ogun dé. Bí àbúrò bá ti bu omi láti lo oògùn, ẹ̀gbọ́n á ní, "Máa bọ́ àrùn rẹ lọ." Èyí tó bí i nínú jù ni oògùn tí dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ fò lọ́jọ́ kan, torí ó ti kà á lára páálí rẹ̀ pé wọ́n tún ń fi wo ibà. "Ibà wo ló ń ṣe ọ́ látèṣí?" Àbúrò kórìíra ohùn yẹn débi pé ṣe ló máa ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kíkankíkan kó má bàa gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ kò tíì pé tí ọwọ́ fi wálẹ̀, tí ojú sì mọ́. Oògùn kejì tó ń lò, èyí tó ń mú ojú wú, dín kù sí hóró kékeré kan lójúmọ́. Dókítà wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí à ń lọ la dé yìí. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀." Inú àbúrò dùn bí ẹni tó gba òmìnira.

"Ó ku díẹ̀ kó tán," ni ẹ̀gbọ́n wí, "wọ́n wá ní ká dúró."

Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a gba oògùn lóṣooṣù, torí kẹ́mísì wà lọ́nà ilé rẹ̀. Lóṣù yẹn, hóró inú ìgò oògùn tí kò gbọdọ̀ fò náà yàtọ̀ díẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ló yí i padà. Àbúrò gbà á gbọ́. Ta ló ń ṣọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bí ẹni ṣọ́ olè?

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí ọṣẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ń fo oògùn ni?"

"Mi ò fo ọjọ́ kan." Àbúrò fa ìgò yọ nínú báàgì. Dókítà da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Fítámì lèyí."

Ẹ̀gbọ́n tó bá a wá ń wo ògiri. "Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀," ó ní. "Ara rẹ̀ ti yá. Mo ní kí ara fúnra rẹ̀ parí èyí tó kù."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí. Àbúrò wo ọwọ́ tó kọ́ ọ bí a ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Dókítà ti ń kọ̀wé. Wọ́n máa gé bíńtín lára kíndìnrín láti yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn tó ń mú ojú wú á sì di hóró méjìlá lójúmọ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́ nínú kíndìnrín náà, ó lè má padà bọ̀ sípò mọ́.

"Ọlọ́run mọ ọkàn mi," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ó mọ̀ ọ́n. Kíndìnrín mi ni ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ láti gba ìwé oògùn, bó ṣe máa ń ṣe. Àbúrò ká a sínú báàgì tirẹ̀.

"Ẹ má bá mi gba oògùn mọ́ láyé yín, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ó sì lọ tò sórí ìlà níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn, òun nìkan.