Ohun Tí Awakọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ní ìdálẹ̀ tí mo darúgbó sí yìí, mo ṣì ń rántí awakọ̀ akẹ́rù náà. Ẹrù tí kò bá fọwọ́ kàn, kì í dá iye lé e, kì í sì í gbé e. Ó tẹ̀ lé bàbá mi káàkiri ilé, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ, àga àti àpótí. Ìlú tí a ń kó lọ jìn, owó kò sì tó, nítorí náà bàbá mi ń dín ẹrù kù.

Wọ́n dé yàrá Màmá, ìyá bàbá mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

“Bẹ́ẹ̀dì yìí ńkọ́, Télọ̀?” ni awakọ̀ bi bàbá mi.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. “Dẹ́rẹ́bà, egungun lásán ló kù lára mi, mi ò wúwo. Fọwọ́ kàn mí, jàre.”

Awakọ̀ wo ojú bàbá mi. Bàbá mi ń wo fèrèsé. Ni ọkùnrin náà bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó dárúkọ iye owó gbogbo ẹrù tó ti fọwọ́ kàn.

Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó lọ, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá pe ìyá mi.

“Ìyàwó mi, máa gbé omi síbi tí ọwọ́ mi á ti tó o. Kí n yáa tètè fi dídá bu omi mu kọ́ra.”