Ìpè Tí Mo Dáhùn

Mi ò fẹ́ràn Zàíd, mi ò sì ní purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Fátíhà, lórí ẹní tí mo ṣì ń jókòó lé títí dòní. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó lọ kàwé ní Ijanikin, ó padà sí Gbaji, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojúkòkòrò wo ipò mi.

Ládàánì ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa létí títì Seme. Tírélà á máa han lọ sí bodè, ohùn mi á sì borí rẹ̀. Èèyàn tó ń ta símẹ́ǹtì pọ̀ lójú títì yìí, èmi náà ń tà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Sirajudeen onísímẹ́ǹtì. Ládàánì ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó kù.

Ẹ̀sùn wọn ni pé etí mi ti ń di. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pẹ́ kí n tó pe Àsùbáà lóṣù tó kọjá. Mo ní aago mi ni kò dún. Ganiyat ìyàwó mi ní ó dún, ó ní ó dún títí ó fi jí àwọn adìẹ. Mo ní kó panu mọ́.

Zàíd bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù Ishaq. Ó ní àyẹ̀wò etí kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, inú ilé la ó ti ṣe é.

"Bí mo bá yege ńkọ́?" Mo bi í lójú Lèmọ́mù.

"Mi ò ní dárúkọ ipò yẹn mọ́ láyé, Bàbá."

"Bí mi ò bá yege?"

Lèmọ́mù ló dáhùn. "Àfáà, ẹ ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ̀rọ gbohùngbohùn."

Ìbínú ni mo fi gbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí a kí Àìlà tán, àwọn méjèèjì wá sí pálọ̀ mi. Ganiyat pa fáànù, ó ti fèrèsé kí ariwo má baà wọlé, ooru sì ń pa wá. Zàíd nu íápíìsì rẹ̀, ó tì í bọ̀ mí létí. Ó ní nǹkan kan á máa dún bíi fèrè, á kọ́kọ́ ròkè, á wá máa rẹlẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, bó ti wù kó kéré tó, kí n fi ìka tẹ ojú fóònù.

Etí òsì ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo ń gbọ́, mo ń tẹ̀. Mo wo Zàíd tìkàtẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀tún, ìyẹn etí tó máa ń kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ bí mo bá ń pe ìrun. Mo dúró, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣì ń dúró nígbà tí ìpè ìrun kan gbalẹ̀, ó já gaara, bí ẹni pé ẹni tó ń pè é wà nínú pálọ̀. Mo ní ti mọ́ṣáláṣí òdìkejì títì nìyẹn.

Ẹni tó bá mẹ̀sìn mọ̀ pé bí wọ́n bá ń pe ìrun, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni là á fi sílẹ̀ láti dá ìpè náà lóhùn. Mo gbé ọwọ́ kúrò lójú fóònù, mo gbé e lé orúnkún. Mo ń dá a lóhùn wúyẹ́wúyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkàn mi sì balẹ̀. Kí fèrè Zàíd máa dún lọ.

Zàíd gba fóònù. "Bàbá, ti òsì ṣe díẹ̀. Ti ọ̀tún, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ rárá."

"Oníranù! Báwo ni mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń pe Àlàásárì? Èmi tí o fi nǹkan dí létí, mo gbọ́ ọ. Ìwọ tí etí rẹ ṣí sílẹ̀, o jókòó kalẹ̀ bí àpò símẹ́ǹtì, o ò dáhùn! Irú ẹ ló fẹ́ di ládàánì?" Mo yíjú sí Lèmọ́mù. "Ẹ̀yin náà! Mi ò rí i kí ẹnu yín mì!"

Mo rò pé ìtìjú ló mú wọn. Lèmọ́mù ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Zàíd ń wo Ganiyat.

Ganiyat ló dìde. Ó yọ íápíìsì náà, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí òsì mi, bó ti máa ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan, tí mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

"Bàbá Hidayah, aago mẹ́ta ò tíì lù. Kò sẹ́ni tó pe ìrun."

"Irọ́ ni!"

Ó nawọ́ sí aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù.

Mo ronú kan ohùn tí mo gbọ́. Bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn, bó ṣe ń há díẹ̀ kó tó tún là, kò sí ládàánì mìíràn lójú títì yìí tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohùn ara mi ni.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Mi ò fi lé Zàíd lọ́wọ́, ilẹ̀ ni mo sọ ọ́ sí, kó lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mo kórìíra rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí aago mẹ́rin ń sún mọ́lé, mo ti ṣe àlùwàlá, mo jókòó sórí ẹní. Ìpè kan bẹ̀rẹ̀ létí mi. Mi ò dá a lóhùn. Ganiyat ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìgbà náà ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.