Ìdajì Táńkì

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ni yíyẹ òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Tó bá dé ìsọ̀ kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á pa ojú kan dé, á wo ẹsẹ̀ tábìlì. Lẹ́yìn náà á sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́: "Gbé e síbi tó tẹ́jú kí o tó kà á."

Ó sọ ọ́ fún Màámi náà. Iyọ̀ àti ọṣẹ ni Màámi ń wọ̀n tà, lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọmọ tó bí gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ lójú gbogbo ayé. Iyọ̀ tí kò rí tà la fi jẹ ìrẹsì lọ́sẹ̀ yẹn, ìrẹsì náà sì tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ṣì rántí abọ́ tí a fi jẹ ẹ́. Aláwọ̀ ewé ni, etí rẹ̀ ti kán.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra mọ́tò. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé rẹ̀ wà. Ní ìrọ̀lẹ́, á dojú mọ́tò náà kọ òkè, á fi òkúta há táyà ẹ̀yìn. Tílẹ̀ bá mọ́, á tan kọ́kọ́rọ́, á tẹjú mọ́ mítà epo, á ní, "Ìdajì táńkì," bí ẹni pé òun ló bu epo náà síbẹ̀.

Mítà epo kì í ṣe nǹkan awo. Nǹkan kan ń léfòó nínú táńkì. Bí epo bá gbé e sókè, abẹ́rẹ́ á gòkè. Bí epo bá lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá dojú kọ òkè, epo á ṣàn lọ sẹ́yìn, síbi tí nǹkan náà wà, ìwọ̀nba díẹ̀ á sì máa ṣe bí ẹni pé ó pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé garawa omi rí mọ ìyẹn.

Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á wálẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, pé ẹni tó mọ òṣùwọ̀n kì í ka abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n, pé ilé tó ti ń sinmi lèèyàn ti ń kà á. Epo ti tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà rí, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní àwọn tó ń ta epo ló bu omi sí i. Ó ní mẹkáníìkì ni. Kò sẹ́ni tí kò jẹ̀bi, àfi òun àti abẹ́rẹ́.

Ojú ọ̀tún Màámi ti kú. Ojú òsì ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó ti là á yé wa pé bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí òun dá yìí bá fi lè kọjá, kò ní sí nǹkan tí òun máa rí gbà là níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó bá sì ti dé kí nọ́ọ̀sì tó ti ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n máa dá lóhùn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì. Bọ̀ọ̀dá ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé òun ní mọ́tò, kí ìyá òun máa wọ bọ́ọ̀sì.

Mọ́tò rẹ̀ náà la wọ̀. A rí ilé epo kan ní ìyànà. Kò sí èrò níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra díẹ̀ sí i."

"O ò rí i láàárọ̀ ni? Ìdajì."

"Ó ti wálẹ̀ báyìí."

"Ó ń gbọ̀n ni. Ṣé ilé ìwé alẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ka mítà?"

Ibẹ̀ ni mo ti kàwé lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ọ̀rọ̀ ilé ìwé alẹ́ yẹn lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù.

A kọjá ilé epo náà. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù. Mọ́tò náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì kú sórí ọ̀nà tó tẹ́ bí ẹní.

Bọ̀ọ̀dá fi èékánná kan gíláàsì mítà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó tún kàn án.

"Epo wà," ó ní.

"Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gbé wa lọ, nígbà náà," Màámi sọ látẹ̀yìn.

Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo nawọ́. Ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì ló dúró.

"Kí ló ṣe é?" awakọ̀ náà bi mí.

"Epo ló tán."

"Epo wà níbẹ̀," Bọ̀ọ̀dá sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ó dáa, bàbá. Ẹ máa wá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ké sí wa."

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. A gbé e jókòó sáàárín búrẹ́dì. Bọ̀ọ̀dá kò tẹ̀ lé wa. Ó ní èèyàn kì í fi mọ́tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá ló ṣeé fi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí a dé. Ó wo Màámi, ó wo èérún búrẹ́dì lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ wọlé, ìyá. Ẹ ò bá má bá wa mọ́."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀sán ni Bọ̀ọ̀dá tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún epo, kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà nínú bùútù.

"Mo sọ fún ẹ pé púlọ́ọ̀gì ni," ó ní.

Nígbà tó yá, dókítà ní ká padà wá kí òun tún ojú náà yẹ̀ wò. Bọ̀ọ̀dá ti fọ mọ́tò, ó ti tan kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Ẹ wọlé, Màámi. Ìdajì táńkì."

Màámi kò wọlé. Ó yí mọ́tò náà ká, ó dé ìdí táyà ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ìsọ̀ àwọn ẹlòmíì. Òun kò nílò láti pa ojú kan dé.

"Kí ni òkúta yìí ń ṣe níbí?"

"Kó má bàa yí sẹ́yìn ni."

"Ta ló fẹ́ tì í?"

Bọ̀ọ̀dá fẹsẹ̀ kan òkúta náà.

"Gbé e síbi tó tẹ́jú," Màámi ní, "kí o tó kà á."

Bọ̀ọ̀dá yọ òkúta náà, ó wọ inú mọ́tò, ó jẹ́ kó rọra yí sẹ́yìn bọ́ sójú títì tó tẹ́jú nísàlẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bọ̀ọ̀dá tẹjú mọ́ ọn. Mo ń retí kó sọ pé ó ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n.

Nígbà tí mo máa fi yíjú, Màámi ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, kò sì dúró kí n wá di òun lọ́wọ́ mú.